Ìsẹ̀lẹ̀ àti Ìṣẹ̀lẹ̀

Ìyá tó bí bàbá mi kò mọ iye ọdún tí ó ti lò láyé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá ìgbà náà ní Ìlódè. Ohun mánigbàgbé ni wọ́n fi ń ka ọdún: ọdún tí ọba wàjà, ọdún tí eṣú jẹ oko, ọdún tí ogun Hitler bẹ́ sílẹ̀. Bí a bá bi Ìyá Àgbà léèrè pé ìgbà wo ni ó bí àkọ́bí rẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní: "Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà lọ́dún ìsẹ̀lẹ̀." Yóò wá máa bá ìtàn lọ pé ilẹ̀ ti ṣú, òun ń ṣa abọ́ oúnjẹ alẹ́ jọ lẹ́yìnkùlé, ni àwọn ìkòkò orí pẹpẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ara wọn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ajá ń gbó káàkiri àdúgbò. Kí ènìyàn tó ka ení dé ogún, ó ti tán.

Àwa ọmọdé a máa rẹ́rìn-ín. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ó lò, a kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà ti fi bí ogún ọdún ta aṣọ ní Ìbàdàn kí ó tó padà wálé, ahọ́n rẹ̀ sì ti gba ti àwọn ará Ìbàdàn tí ń fi "s" pe "ṣ". "Ẹ seun" ni ó ń dúpẹ́, "kí ló selẹ̀?" ni ó ń bèèrè. Nítorí náà, nígbà tí ó bá sọ pé "ọdún ìsẹ̀lẹ̀", "ọdún ìṣẹ̀lẹ̀" ni etí wa ń tún un ṣe sí, ìyẹn ni pé ọdún tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. A kò bi í rí pé kí ni nǹkan náà. Ní ti àwọn ìkòkò, bàbá mi gbà pé àrá ló sán.

Ìyá Àgbà ti filẹ̀ bora tipẹ́ kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni ó ń sọ. Mo ti di olùkọ́ ẹ̀dá-èdè nígbà náà, mo ń ṣa àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jẹ mọ́ àjálù jọ, ni mo bá ṣalábàápàdé àtòjọ àwọn ìgbà tí ilẹ̀ ti mì ní Nàìjíríà, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣíwájú jù níbẹ̀ ni ti ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ọdún 1939. Ìlú mẹ́ta ni wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára: Èkó, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀. Mo ka orúkọ ìlú kẹta ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Accra ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ mì ní etíkun ibi tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí a mọ̀ sí Ghana lónìí. Ipá rẹ̀ tó nǹkan bí 6.5 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ilé wó púpọ̀, ènìyàn bí 20 ló kú. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, nítorí Accra ti rí irú rẹ̀ ní 1862. Láti ibẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀ lé ní 500 kìlómítà, síbẹ̀ ìkòkò Ìyá Àgbà gbọ́. Oṣù mẹ́ta ó dín díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé sì gbàgbé Accra.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. "Ìsẹ̀lẹ̀" kì í ṣe àṣìpè. Ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi ni, òun ni ó wà nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ibẹ̀ sì ni mo rò pé Ìyá Àgbà ti kọ́ ọ, nítorí ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi nìkan ni ó lọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti "ìṣẹ̀lẹ̀" kò ju àmì kékeré kan lábẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lọ. Ohùn wọn bá ara mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ẹnu àwọn tí kì í pe "ṣ", ọ̀kan náà ni wọ́n. Nígbà tí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì sì dé, tí àwa fúnra wa sọ àmì abẹ́ lẹ́tà di ohun àfiṣeré, "isele" ni a ń kọ fún méjèèjì. Èyí tí a ń lò lójoojúmọ́ gbé èyí tí a kì í sábà lò mì. Lónìí, "ìmìtìtì ilẹ̀" ni a ń gbọ́ lórí rédíò. N kò bá ọ̀rọ̀ yìí jà, ó dára, ó sì ṣe kedere. Ohun tó dùn mí ni pé nígbà tí "ìsẹ̀lẹ̀" kú, ó gbé ẹ̀rí àwọn tó rí i lójú wọn lọ sí sàréè. Ìran kan wà ní Ìlódè tó mọ̀ pé ilẹ̀ Ifẹ̀ lè mì. Ìran tó tẹ̀lé wọn kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé irú ìmọ̀ báyìí kò ṣe é sọ ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀.

Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ kì í ṣe odindi. Ẹ wo ìkòkò ńlá kan tó ti sán yíká ara, tó fọ́, ṣùgbọ́n tí àwọn àpáàdì rẹ̀ kò tíì tú ká. Oníkálùkù ṣì wà ní ipò rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Bí ìta ayé ṣe rí nìyẹn. Méje nínú àwọn àpáàdì náà tóbi gidigidi, àwọn kéékèèké sì wà láàárín wọn. Nínípọn wọn a máa tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Àpáta tó wà nísàlẹ̀ wọn gbóná débi pé ó rọ̀. Kò yọ́ di omi, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àwọn àpáàdì sì ń rìn lórí rẹ̀. Ìrìn náà kò yá rárá, sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ni lọ́dún, bí èékánná ọwọ́ wa ṣe ń gùn.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan yóò pè é ní "àwo". Àwo kọ́. Àwo odindi ni a fi ń jẹun, kò ti ẹnikẹ́ni, kò sì já láti ara ohunkóhun. Ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, kò yẹ kí a wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Àwọn baba ńlá wa to àpáàdì ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú púpọ̀ jáde nínú rẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì gbé iṣẹ́ náà fún Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá ti rí ilẹ̀ alápáàdì rí ti rí àwòrán ayé. "Àpáàdì ilẹ̀" ni èmi yóò máa pè é.

Ní ẹnu ààlà ni ìjà wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàárín oko méjì. Àpáta kì í yọ̀ kọjá lára àpáta. Wọn a há mọ́ ara wọn, ipá yóò máa kó jọ síbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí yóò fi já gbà lójijì. Ìjágbà yẹn ni ilẹ̀ fi ń mì. Níbi tí àpáàdì kan ti ń rì sábẹ́ èkejì ni ó ti burú jù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní etí Sumatra ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 2004: ààlà náà já ní gígùn tó lé ní 1,000 kìlómítà, ìsàlẹ̀ òkun sọ sókè, omi sì bá a dìde. Àwọn tó kú lé ní 220,000 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ìgbì náà gba orí òkun dé Somalia ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì pa ènìyàn níbẹ̀. Ní Turkey ní ọjọ́ 6, oṣù kejì, ọdún 2023, ẹ̀gbẹ́ ni àwọn àpáàdì fi gba ara wọn kọjá, ènìyàn tó kú ní orílẹ̀-èdè náà nìkan sì lé ní 50,000.

Ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń ya ara wọn. Àárín òkun Atlantic ni èyí tó kàn wá. Tí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé ìgbáròkó ilẹ̀ Brazil bọ́ sí kòtò tó wà ní etíkun tiwa bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú àpò. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó pínyà ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. N kì í lè ronú sí i láìrántí àwọn ẹni wa tí wọ́n kó gba orí omi yẹn lọ sí Bahia, tí wọn kò sì padà. Alfred Wegener, ará Jámánì kan, ló sọ ọ́ ní 1912 pé àwọn ilẹ̀ ńlá ayé ti rìn kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kú sórí yìnyín Greenland ní 1930, ó sì tó ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó gbà pé àwọn ilẹ̀ ń rìn lóòótọ́. (Ó jẹ mí lẹ́nu láti dá wọn lẹ́bi; ṣebí àwa náà rẹ́rìn-ín.)

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa múra ìdáhùn sílẹ̀ báyìí: pé ṣebí Odùduwà da iyẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án, ilẹ̀ fẹ̀, ibẹ̀ ni Ifẹ̀ ti gba orúkọ, nítorí náà àwọn baba wa ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn náà bí ọmọ Ifẹ̀ kankan ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìṣẹ̀dá ni, kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa àpáta, bí a bá sì fi agídí sọ ọ́ di èyí, a ó ba méjèèjì jẹ́. Ohun tí mo gbà ni pé ó fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan sí wa lọ́wọ́. Ní àárín òkun Atlantic, àpáta yíyọ́ ń ti ìsàlẹ̀ jáde, ó ń dì, ilẹ̀ abẹ́ òkun sì ń fẹ̀. "Ìfẹ̀ abẹ́ òkun": ta ni kò ní lóye ìyẹn?

Bí ó bá jẹ́ pé àárín òkun ni ẹnu ààlà tiwa, kí ló wá kan Ilé-Ifẹ̀? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé girama nìyẹn: pé Nàìjíríà kò sí lójú ọ̀nà, kí a fọkàn balẹ̀. Ìdajì òótọ́ ni. Ìkòkò tó ń gba ìfúnpá lẹ́nu lè dún láàárín, bí ojú ìsán àtijọ́ bá wà níbẹ̀. Àpáàdì Áfíríkà kún fún irú ìsán bẹ́ẹ̀, èyí tó ti wà láti ayébáyé, tí ìfúnpá tó ń ti ẹnu ààlà wá sì lè jí. Ọ̀kan nínú wọn kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ìsán Ifẹwàrà sí Zungeru: ó ti agbègbè Ifẹwàrà, tí ènìyàn lè gun ọ̀kadà dé láti Ìlódè láàárín wákàtí kan, ó gba ìhà àríwá lọ títí dé ilẹ̀ Niger. Àwọn kan nínú wọn so ó pọ̀ mọ́ àwọn ìsán ńláńlá tó wà lábẹ́ òkun Atlantic, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Romanche. Ojú ìsán inú àpáta náà ni omi gbígbóná gbà gbé góòlù wá sí Ìpérindó láyé àtijọ́, tí àwọn awakùsà fi ń gbẹ́lẹ̀ kiri níbẹ̀. Góòlù la mọ̀, a kò bèèrè ohun tó la àpáta fún un.

Ilẹ̀ sì ti ń mì. Ìjẹ̀bú-Òde mì ní ọjọ́ 28, oṣù keje, ọdún 1984, wọ́n mọ̀ ọ́n lára ní Ìbàdàn, Ṣàgámù àti Abẹ́òkúta. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ó tún ṣe é. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, ọdún 2000, Ìbàdàn, Àkúrẹ́, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀yọ́ jọ mọ̀ ọ́n, ipá rẹ̀ sì jẹ́ 4.7. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009, gúúsù orílẹ̀-èdè Benin ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì jí àwọn tó sùn ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó kan Mpape ní Àbújá. Lẹ́yìn ti 2009, ohun mẹ́ta ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ojúlùmọ̀ mi ní Abẹ́òkúta: tírélà ńlá ló kọjá; àwọn tó ń fi àdó fọ́ òkúta ni; òpin ayé ti dé. Kò sí ẹnì kan tó pè é ní orúkọ rẹ̀.

Wọn a ní 4.7 kéré. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Guinea, tí kò sí lẹ́nu ààlà kankan gẹ́gẹ́ bí àwa náà kò ti sí. Ní ọjọ́ 22, oṣù kejìlá, ọdún 1983, ilẹ̀ mì ní ìhà Gaoual níbẹ̀, ipá rẹ̀ sì lé ní 6. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú. Láti 4.7 sí 6.2 kì í ṣe ìgbésẹ̀ kan ààbọ̀ lásán, nítorí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n náà jẹ́ ìlọ́po bí 32: agbára èkejì lé ní ìlọ́po 150 ti àkọ́kọ́. Ẹ sì wo Agadir ní Morocco, ní ọjọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 1960. Ipá ti ibẹ̀ kò tó 6, síbẹ̀ ó tó 12,000 ènìyàn tó kú. Abẹ́ ìlú ló ti já, àwọn ilé náà kò sì lágbára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Ilẹ̀ kì í sábà pa ènìyàn. Ilé ni í pa á. Nínú ilé alámọ̀ ni Ìyá Àgbà wà ní 1939, ilé ilẹ̀ kan, ògiri rẹ̀ nípọn bí ìgbọ̀nwọ́. Lónìí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì àti mẹ́ta ló ń rọ́pò irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ìlódè. Mo ti dúró wo bíríkìlà tó fa àpò sìmẹ́ǹtì kan ya mọ́ búlọ́ọ̀kù tó yẹ kí ó gba méjì. Mo ti rí òpó tí irin inú rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, Èkó, ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 2021, pa ènìyàn tó lé ní 40, ilẹ̀ kò sì mì rárá lọ́jọ́ náà. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá mì?

Ilé-Ifẹ̀ wà lára àwọn ìlú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ sí, lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Toro, ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ìyẹn dára. Ẹ̀rọ a máa gbọ́, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àbọ̀ rẹ̀, inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ló sì ń parí sí. Bíríkìlà tó ń po yanrìn kò ka ìwé náà. Ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ni ó ń lọ, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìde níbẹ̀, tó mú ìkòkò sísán kan dání, tó sọ ọ̀rọ̀ àpáàdì ilẹ̀ àti ti Ifẹwàrà, tó wá sọ ìdí tí irin òpó fi gbọ́dọ̀ so mọ́ irin ìtì, mo gbà pé yóò wúlò ju àpérò mẹ́wàá ní yunifásítì lọ. Ti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀: ọmọ tó bá mọ̀ pé kí òun sá sábẹ́ tábìlì tó lágbára, kí òun jìnnà sí ògiri àti gíláàsì, kò pọndandan kí ó kọ́kọ́ mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Àkọ́bí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ṣì wà láyé. Nínú ìwé ìjọ, ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 1942 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí, nítorí akọ̀wé ìgbà náà ní láti kọ nǹkan kan. Mo lọ bá wọn ní Ìlódè, mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, mo ti mọ oṣù tí wọ́n bí yín." Mo ṣàlàyé Accra fún wọn, àti oyún oṣù mẹ́fà ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 1939. A jọ ka a lórí ìka: oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ó pẹ́ tán, oṣù kẹwàá. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé o rìn láti ọgbà yunifásítì wá síbí láti wá fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí mi ni?"